Lẹ́tà sílé láti ẹ̀gbẹ́ ibi tí ogun wà: ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi àwa ọmọ Yorùbá tó wà ní ìlà-oòrùn Poland

Gbogbo ìgbà tí ẹni tuntun bá dé sí Rzeszów, Lublin, Przemyśl tàbí Chełm, ìbéèrè kan náà ló máa ń bi àwa tá a ti wà níbí ṣáájú, àwọn ará ilé náà ò sì yé bi wá, torí ẹ̀ la ṣe kó wọn jọ síbí. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ kà á tán kẹ́ ẹ tó pe Màmá.

Ṣé inú ogun la wà ni?

Rárá o. Poland là ń gbé, Ukraine ni wọ́n ti ń jà. Láti ọjọ́ 24 oṣù kejì ọdún 2022 tí Rọ́ṣíà ti ya wọ Ukraine ni ogun náà ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ààlà tó wà láàárín Poland àti Ukraine gùn tó nǹkan bíi 535 km, àwọn ìlú tá a ń gbé yìí sì wà lára àwọn tó sún mọ́ ọn jù. Poland wà nínú NATO, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tó jọ ń gbèjà ara wọn, ó wà nínú European Union, ẹ máa rí sójà lóòótọ́, ẹ máa rí ọkọ̀ ogun lójú títì nígbà míì, àmọ́ ọjà ń ná, ọmọdé ń lọ síléèwé, bọ́ọ̀sì ń dé lásìkò.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ará ilé ò mọ ìyàtọ̀ yẹn. Lójú tiwọn, Poland, Ukraine, Rọ́ṣíà, gbogbo ẹ̀ wà lọ́hùn-ún náà ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbí lẹ máa là á yé wọn, ẹ má retí pé tẹlifíṣọ̀n á bá yín ṣe é.

Ṣé lẹ́tà náà lèèyàn tún ń kọ láyé WhatsApp yìí?

Ohun tá à ń pè ní lẹ́tà níbí ni ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ fara balẹ̀ jókòó kọ, tàbí tẹ́ ẹ fara balẹ̀ sọ sínú fóìsì nóòtì, tó ní ìkíni, tó ní déètì, tó ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí. Fídíò kọ́ọ̀lù dára, kí wọ́n rí ojú yín dára gan-an, àmọ́ nẹ́tíwọ̀kì á já, ẹnì kan á máa kígbe "ṣé ẹ̀ ń gbọ́ mi", aládùúgbò á wọlé wá kí yín, tó bá fi máa parí ẹ ò tíì sọ nǹkan kan. Lẹ́tà, wọ́n lè tún un kà. Ìyá tó ń ta gààrí ní Ìkirè lè ní kí ọmọ ará ilé kà á fún òun lẹ́ẹ̀kejì lóru, ìgbà tí àyà ẹ̀ bá sì tún já lọ́jọ́ kẹta ọ̀rọ̀ yín ṣì wà nínú fóònù.

Àwọn kan nínú wa ṣì ń kọ ti bébà fún bàbá tó bá fẹ́ nǹkan tí wọ́n lè dì mú. Ó dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó máa ń pẹ́ lọ́nà, torí náà ọ̀rọ̀ kánjúkánjú ò gbọdọ̀ sí nínú ẹ̀. Ẹ fi fọ́tò sínú ẹ̀, ẹ kọ ọ̀rọ̀ tí ò ní yí padà.

Kí ló yẹ kó wà nínú lẹ́tà àkọ́kọ́?

Ẹ kọ orúkọ ìlú yín, kẹ́ ẹ sì kọ bí wọ́n ṣe ń pè é sí i, torí àwọn àgbà kan máa ń gbọ́ Rzeszów tí wọ́n á rò pé Rọ́ṣíà la sọ. Ẹ kọ àdírẹ́sì ilé yín pátápátá, orúkọ iléèwé tàbí ibi iṣẹ́, orúkọ yín gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú pásípọ́ọ̀tù, àti nọ́mbà ẹlòmíì kan tó máa ń rí yín lójoojúmọ́, ì báà jẹ́ ẹni tẹ́ ẹ jọ ń gbélé tàbí ẹni tẹ́ ẹ jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé iléeṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà wà ní Warsaw. Ẹ ní kí wọ́n dà á kọ sínú ìwé, kí wọ́n má fi sínú fóònù nìkan, fóònù lè jábọ́ sómi.

Ẹ sọ ọ̀rọ̀ aago náà. Láti ìparí oṣù kẹwàá títí dé ìparí oṣù kẹta, aago Poland àti aago Nàìjíríà dọ́gba, tí ooru bá ti wọlé níbí Poland á fi wákàtí kan ṣíwájú. Ó dà bíi nǹkan kékeré àmọ́ a ti rí ìyá tí ò sùn torí ọmọ tó máa ń pè láago mẹ́sàn-án ò pè, aago ló kàn yí.

Báwo ni mo ṣe máa jẹ́ kí wọ́n mọ bí ogun náà ṣe jìnnà sí mi tó?

Ẹ fi ọ̀nà tí wọ́n mọ̀ díwọ̀n ẹ̀ fún wọn. Láti Rzeszów dé ààlà ní Medyka tó nǹkan bíi 90 km, ìyẹn ò tó Èkó sí Ìbàdàn. Lublin sí ààlà tó wà ní Dorohusk náà ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ẹni tó wà ní Przemyśl ni ààlà wà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀, kò ju nǹkan bíi 13 km lọ sí Medyka, kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ má parọ́ pé ó jìnnà.

Àmọ́ ẹ má dákẹ́ síbẹ̀, torí ààlà kọ́ ni ogun. Téèyàn bá ti kọjá ààlà, nǹkan bíi 70 km ló kù kó tó dé Lviv, ìlú tí èèyàn ṣì ń gbé, tí wọ́n ṣì ń ṣòwò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àdó olóró máa ń já síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ibi tí sójà ti ń kojú sójà wà ní ìlà-oòrùn àti gúúsù Ukraine. Láti Przemyśl dé Kharkiv sún mọ́ 1,000 km, ẹ kàn wí fún wọn pé Èkó sí Kano ni. Gbólóhùn kan yẹn ti fi ọ̀pọ̀ ìyá lọ́kàn balẹ̀ ju gbogbo "ẹ má dààmú" téèyàn lè kọ lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà létí ààlà gan-an, ẹ máa ṣọ́ fóònù yín. Ó lè gba nẹ́tíwọ̀kì Ukraine láìjẹ́ pé ẹ kúrò lójú kan, aago á fò síwájú ní wákàtí kan, owó róòmù á jẹ gbogbo kírẹ́díìtì yín, ará ilé á wá máa pè títí ẹ ò ní lọ. Ẹ fọwọ́ ara yín yan nẹ́tíwọ̀kì Poland nínú sẹ́tínsì.

Màmá mi rí fídíò pé bọ́ǹbù ti balẹ̀ sí Poland, kí ni kí n sọ?

Ẹ sọ òótọ́, torí òótọ́ wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù kọkànlá 2022, àdó olóró kan já sí abúlé Przewodów, tí ò jìnnà sí ààlà, níbi tí wọ́n ti ń kó ọkà pamọ́, èèyàn méjì kú. Ìwádìí fi hàn pé ohun tí Ukraine fi ń ta àdó Rọ́ṣíà lójú òfurufú ló ṣìnà bọ́ síbẹ̀. Lóru ọjọ́ 9 mọ́jú ọjọ́ 10 oṣù kẹsàn-án 2025, nǹkan bíi 20 drone Rọ́ṣíà, ọkọ̀ òfurufú tí ò ní awakọ̀ nínú, wọ ojú òfurufú Poland, ọkọ̀ òfurufú ogun jáde lọ já mélòó kan lulẹ̀, òrùlé ilé kan bàjẹ́ ní Wyryki, kò sẹ́ni tó kú. Wọ́n ti pápákọ̀ òfurufú Rzeszów àti Lublin pa fún wákàtí mélòó kan, wọ́n ti ti Warsaw náà. Lóṣù kọkànlá ọdún yẹn kan náà, wọ́n fi àdó ba ojú irin rélùwéè jẹ́ lọ́nà Warsaw sí Lublin, ẹnikẹ́ni ò fara pa.

Àwọn nǹkan tẹ́ ẹ máa rí nínú fídíò tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ kiri nìyẹn, àmọ́ wọ́n á ti fi ti Gásà àti ti Síríà lú u, wọ́n á fi orin ìbẹ̀rù sábẹ́ ẹ̀, wọ́n á ní àná ló ṣẹlẹ̀. Ẹ má bá Màmá jiyàn pé irọ́ ni. Ẹ bi wọ́n pé déètì wo ló wà lára ẹ̀, ìlú wo ni wọ́n dárúkọ, kẹ́ ẹ wá sọ èyí tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ àti bó ṣe jìnnà sí yín tó. Ẹni tó bá ti sẹ́ Przewodów fún ìyá ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí ìyá wá gbọ́ ọ lórí rédíò, ìyá yẹn ò ní gba ọ̀rọ̀ ẹ̀ gbọ́ mọ́.

Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lóru, ṣé kí n jí wọn ni àbí kí n dúró dọjọ́ kejì?

Ẹ kọ ọ́ kẹ́ ẹ tó padà sùn. Ìròyìn á ti dé Nàìjíríà kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yín ti wà nínú fóònù wọn tí wọ́n bá jí. Kò ní láti gùn. Irú èyí tó: "Ẹ káàárọ̀ mà, Màámi. Àlàáfíà ni mo wà, inú yàrá mi ni mo wà. Aago mẹ́rin òru ni mo gbọ́ ariwo ọkọ̀ òfurufú ogun, ti Poland ni, wọ́n ń lé drone tó wọlé láti apá Ukraine. Kò sí nǹkan tó já sí ìlú wa. Wọ́n ti ti pápákọ̀ òfurufú pa fúngbà díẹ̀, àmọ́ mò ń lọ síṣẹ́ láago méje. Màá tún kọ tí mo bá dé lálẹ́." Ẹ wò ó dáadáa, ibi tẹ́ ẹ wà ló kọ́kọ́ wá, lẹ́yìn náà ohun tẹ́ ẹ fi etí ara yín gbọ́, lẹ́yìn náà ìgbà tí wọ́n tún máa gbọ́ yín. Tẹ́ ẹ bá ti wá ní alẹ́, kó jẹ́ alẹ́ o.

Ìjọba Poland máa ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí gbogbo fóònù tó wà ládùúgbò tí nǹkan bá fẹ́ ṣẹlẹ̀, Alert RCB ni wọ́n ń pè é, ti ìjì líle wà níbẹ̀, ti omíyalé wà níbẹ̀, ti drone náà wà níbẹ̀. Èyí tó wá lóṣù kẹsàn-án 2025 ní kẹ́ni tó bá rí drone tàbí àfọ́kù ẹ̀ má sún mọ́ ọn, kó pe ọlọ́pàá. Ẹ má kàn ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sílé ní èdè Póláǹdì, ohun tí wọn ò lè kà á máa dẹ́rù bà wọ́n. Ẹ kọ ohun tó sọ ní Yorùbá. Ẹ̀yin fúnra yín, 112 ni nọ́mbà pàjáwìrì.

Ṣé kí n ya fọ́tò sójà àti ohun ìjà ránṣẹ́ kí wọ́n lè rí i pé a ní ààbò?

Rárá, rárá, rárá. Pápákọ̀ òfurufú Rzeszów-Jasionka ni ọ̀pọ̀ ohun ìjà tó ń lọ sí Ukraine ń gbà kọjá, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kó ohun tó ń ta àdó olóró lójú òfurufú, tí wọ́n ń pè ní Patriot, síbẹ̀. Ẹ lè rí i láti ojú títì. Ẹ wò ó, ẹ kọjá. Láti oṣù kẹrin 2025 ni òfin ti wà pé ibikíbi tí wọ́n bá gbé pátákó "Zakaz fotografowania" sí, tó ní àwòrán kámẹ́rà tí wọ́n fi igi dábùú ẹ̀, ẹ ò gbọdọ̀ yàwòrán ẹ̀ láìgbàṣẹ, afárá lè wà níbẹ̀, rélùwéè lè wà níbẹ̀, kì í ṣe bárékè sójà nìkan. Owó ìtanràn wà, wọ́n sì lè gba fóònù. Àjòjì tó ń ya fọ́tò níbi tí wọ́n ti ń wá amí, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ pé Màmá lẹ ń yà á fún.

Fọ́tò tó ń fi àwọn ará ilé lọ́kàn balẹ̀ ni ti ìkòkò ọbẹ̀ yín, ti yìnyín lójú fèrèsé, ti ẹ̀yin àti aṣọ òtútù tuntun.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tó sá jáde ní Ukraine ní 2022, kí ni wọ́n kọ sílé nígbà yẹn?

A kò gbọdọ̀ gbàgbé wọn, torí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn ló kọ́ gbogbo wa ní ohun tá a mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí. Nǹkan bíi 4,000 ọmọ Nàìjíríà ló ń kàwé ní Ukraine kógun tó dé, ìmọ̀ ìṣègùn ni ọ̀pọ̀ wọn ń kọ́, ní Kharkiv, Kyiv, Sumy, Dnipro, Ternopil. Nígbà tí wọ́n sá wá sápá ààlà wa, àwọn kan fẹsẹ̀ rìn nínú òtútù ní ọ̀nà jíjìn torí ọkọ̀ ti dí títì pa. Nígbà tí wọ́n wá débẹ̀, wọ́n rí i pé wọ́n ń dá aláwọ̀ dúdú dúró, wọ́n ń já wọn bọ́ nínú ọkọ̀ ojú irin, wọ́n ń ní kí ọmọ Ukraine kọ́kọ́ kọjá. Ariwo náà pọ̀ débi pé ìjọba Nàìjíríà sọ̀rọ̀ sí i, Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà náà gbé ọ̀rọ̀ jáde ní ọjọ́ 28 oṣù kejì 2022 pé gbogbo èèyàn ló lẹ́tọ̀ọ́ láti kọjá ààlà nígbà ogun.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sílé kúrú, ó fọ́ sí wẹ́wẹ́, bátìrì ló ń kú. "Mo wà ní Shehyni", ìyẹn ojú ààlà ní apá Ukraine tó kọjú sí Medyka. "Wọn ò jẹ́ ká kọjá." "Ẹ má pè, mò ń tọ́jú bátìrì." Àwọn tó há sí Sumy títí di ọjọ́ 8 oṣù kẹta, yìnyín ni wọ́n ń yọ́ mu nígbà tí omi ò sí. Lójú tèmi, èyí tó wúlò jù nínú gbogbo ẹ̀ ni èyí tó dárúkọ ibi tí wọ́n wà. Tí ọmọ bá kọ orúkọ ìlú àti aago, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ní London lè bá a wá èèyàn ní Lviv, tó bá kọ "àdúrà o" nìkan, gbogbo ilé á máa sunkún láì mọ ọ̀nà.

Àwọn aláàánú Poland ń dúró pẹ̀lú ọbẹ̀ gbígbóná àti síímù ọ̀fẹ́ ní Medyka àti ní ibùdókọ̀ ojú irin Przemyśl, ìyẹn náà yẹ kó wà nínú ìtàn. Bàálù tó kọ́kọ́ kó àwọn ọmọ wa padà sí Abuja gbéra láti Romania, ó balẹ̀ ní ọjọ́ 4 oṣù kẹta 2022, ó lé ní 400 èèyàn nínú ẹ̀. Àwọn tí ò fẹ́ padà sílé nílò ìwé, ààbò tí Yúróòpù sì ṣe fún ará Ukraine ò kárí akẹ́kọ̀ọ́ tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ọjọ́ 15 ni Poland fún ọ̀pọ̀ wọn láti wá ibi tí wọ́n máa gbà. Àwọn kan wà láàárín wa títí dòní. Tẹ́ ẹ bá pàdé wọn ẹ má fipá bi wọ́n léèrè.

Ṣé ọmọ Yorùbá kankan ti wà ní Poland nígbà ogun rí?

Ó ti wà. August Agboola Browne, Èkó ni wọ́n bí i sí ní 1895, ó dé Poland láàárín ọdún 1920 sí 1929, onílù jazz ni ní Warsaw, ó fẹ́ ìyàwó níbẹ̀ ó bímọ. Nígbà tí Warsaw dìde sí àwọn Násì ní 1944, ó bá wọn jà, "Ali" ni wọ́n ń pè é lójú ogun. London ló kú sí ní 1976.

Fọ́ọ̀mù tó fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ní 1949, nígbà tó fẹ́ wọ ẹgbẹ́ àwọn tó jagun, ló jẹ́ ká mọ̀. Ó wà nínú fáìlì títí ẹnì kan níléeṣẹ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Warsaw fi rí i ní 2009. Ní 2019 wọ́n gbé òkúta ìrántí kalẹ̀ fún un. Mo máa ń sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ tó bá ń sọ pé "kí ló wà nínú ohun tí mo fẹ́ kọ". Ẹ kọ ọ́, ẹ fi déètì sí i.

Ilé ń bèèrè owó, wọ́n ní Yúróòpù ni mo wà. Ṣé kí n fi ọ̀rọ̀ ogun ṣe àwáwí?

Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Tówó ò bá sí, ẹ ní kò sí. Téèyàn bá ti fi ogun bo àìlówó, ọjọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ gan-an wọ́n á ní ó tún ti dé. Ẹ ṣàlàyé iye tí wọ́n ń san fún yín, iye tí ilé ń gbà, iye tí ìwé ìgbélùú ń gbà, ẹ kọ ọ́ ní naira kí wọ́n rí i.

Ẹ̀rù ń bà mí. Ṣé kí n jẹ́ kí ilé mọ̀?

Kì í ṣe gbogbo ilé ló lè gbé e. Màmá tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru, ẹ má kó ẹrù yẹn lé wọn lórí. Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ ní ẹnì kan, ẹ̀gbọ́n, àbúrò Bàbá, ọ̀rẹ́ tẹ́ ẹ jọ dàgbà, tó mọ gbogbo ẹ̀ láìku ẹyọ kan. Ọ̀tọ̀ ni lẹ́tà tẹ́ ẹ máa kọ sí ẹni yẹn, kó mọ̀ pé òun nìkan lẹ sọ fún, kó má lọ tú u síta nínú gúrúùpù ẹbí.

Pé ẹ ò sọ gbogbo ẹ̀ fún Màmá ò ní kẹ́ ẹ parọ́ fún wọn. "Oorun ò fi bẹ́ẹ̀ kun ojú mi lọ́sẹ̀ yìí, mo ti ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀", òótọ́ ni, wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á sì sùn. Èyí tó burú ni kéèyàn máa fi ẹ̀rín ránṣẹ́ lóṣooṣù kó wá ṣubú lulẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ìyá mọ ohùn ọmọ ẹ̀. Tí fóìsì nóòtì yín bá ti yí padà wọ́n ti mọ̀, wọ́n kàn ń dákẹ́ ni.

Bàbá ní kí n padà wálé. Báwo ni mo ṣe máa dáhùn láìrí wọn fín?

Ẹ kọ́kọ́ dúpẹ́, tọkàntọkàn, torí ẹni tó ní kẹ́ ẹ padà wálé yẹn ló ṣeé ṣe kó ta ilẹ̀ kẹ́ ẹ tó lọ. Ẹ má fi "ẹ ò mọ bó ṣe rí níbí" bẹ̀rẹ̀. Ẹ sọ ohun tó máa mú kẹ́ ẹ kúrò: bí iléèwé bá tì, bí ìjọba Poland bá ní kí aráàlú kúrò ládùúgbò, bí iléeṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà bá ní ká jáde. Ẹ sọ ibi tẹ́ ẹ máa gbà, bóyá Kraków lẹ máa kọ́kọ́ lọ àbí Wrocław, ọ̀dọ̀ ta ni. Ẹ sọ iye owó tẹ́ ẹ ti yà sọ́tọ̀ fún un. Àgbà tó bá rí i pé ọmọ ti ronú ẹ̀ máa ń sinmi, àṣẹ tí wọ́n ń pa yẹn, ìbéèrè ni: ṣé o ti ronú ẹ̀?

Tó bá wá jẹ́ pé wọ́n ti ń sunkún lórí fóònù, ẹ bẹ ẹ̀gbọ́n Bàbá tàbí ẹni tí wọ́n máa ń gbọ́ràn sí lẹ́nu kó bá yín dá sí i. Ẹ má dá bá wọn fà á.

Àbúrò mi rí iṣẹ́ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ní Rọ́ṣíà tàbí ní Ukraine, owó ẹ̀ pọ̀. Kí ni kí n kọ sí i?

Ẹ kọ ọ́ lónìí, ẹ má dúró dọ̀la. Ní 2022, àwọn ọ̀dọ́ kan lọ síléeṣẹ́ aṣojú Ukraine ní Abuja pé àwọn fẹ́ lọ jagun, ìjọba Nàìjíríà ní òun ò ní gbà fún wọn. Apá kejì náà ń fa àwọn ọmọ wa. Àwọn akọ̀ròyìn ti wádìí ọ̀rọ̀ Alabuga, ọgbà iléeṣẹ́ kan ní Tatarstan ní Rọ́ṣíà, níbi tí wọ́n ti kó àwọn ọmọbìnrin Áfíríkà, ọmọ Nàìjíríà wà nínú wọn, lọ pẹ̀lú ìlérí iṣẹ́ àti ẹ̀kọ́ ọwọ́, tó wá jẹ́ pé drone ogun ni wọ́n ń bá wọn tò. Drone yẹn ni wọ́n ń fi lu Ukraine. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe é náà, Ukraine ti ta lù ú.

Ẹ má bú àbúrò yín, owó ló ń wá. Ẹ ní kó fi ìwé àdéhùn náà ránṣẹ́ sí yín kó tó fọwọ́ sí nǹkan kan. Èyí tó bá wà ní èdè Rọ́ṣíà, kó wá ẹni tó máa túmọ̀ ẹ̀ tí kì í ṣe àjẹ́ǹtì náà. Ẹni tó bá ní kó má sọ fún ẹbí, kó sá fún un.

Ọmọ Ukraine la jọ ń ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kún lẹ́tà mi. Ṣé ó dáa?

Ó dáa, tẹ́ ẹ bá yọ orúkọ, ìlú àti ojú ẹ̀ kúrò. Ọkọ ẹ̀ lè wà lójú ogun, àwọn òbí ẹ̀ lè wà níbi tí Rọ́ṣíà gbà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ wa tí ìwé ẹ̀ ò tíì pé, ẹ má fi sí sítátọ́ọ̀sì. Lẹ́tà tẹ́ ẹ kọ sí Ìyá Ìbejì lè dé Facebook kílẹ̀ tó ṣú.

Tí ọ̀kan nínú wa bá kú níbí ńkọ́?

Kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ tìtorí ogun. Jàǹbá ọkọ̀ ni, àìsàn ni, iṣẹ́ ni. Àmọ́ torí ibi tá a wà, ilé á kọ́kọ́ rò pé bọ́ǹbù ni, ẹni tó máa tufọ̀ gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an kó tó lanu.

Ẹ má kọ ọ́ sí WhatsApp. Ẹ má fi fọ́tò olóògbé pẹ̀lú àbẹ́là síbì kankan. Ẹ má pe ìyá ẹ̀, ẹ má pe ìyàwó ẹ̀. Kí ẹnì kan ṣoṣo nínú wa pe àgbà kan nínú ẹbí, ẹ̀gbọ́n Bàbá tàbí ẹni tó jẹ́ olórí ilé, kó kọ́kọ́ bèèrè pé ta ló wà lọ́dọ̀ wọn, kó tó sọ ọ́. Àgbà yẹn ló mọ ẹni tó máa mú dání, bóyá pásítọ̀, bóyá àlùfáà, ló sì mọ bó ṣe máa wọlé ọ̀hún. Kí gbogbo wa tó kù pa ẹnu mọ́ títí tó fi máa pè padà pé wọ́n ti gbọ́.

Ilé náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí wa. Wọ́n lè sin Ìyá Àgbà tán kí wọ́n tó sọ fún ọmọ tó wà níbí, wọ́n á ní a ò fẹ́ kó dá wà lókè òkun kó máa sunkún. Tẹ́ ò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ kọ ọ́ sí wọn nísinsìnyí tí gbogbo ara ṣì le, ẹ dárúkọ ẹni tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó sọ fún yín, kẹ́ ẹ sì dárúkọ ẹni tó wà nítòsí yín níbí tó lè wá jókòó tì yín, pẹ̀lú nọ́mbà ẹ̀.